Orin Mímọ́ Lẹ́nu, Wàhálà Ìyàwó Nílé

Ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń pariwo láàárín ọjà. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wesley tí à ń kọ orin wọn lọ́jọ́ ìsinmi, láti ìgbà tí Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tójú wọn rí lórí ọ̀rọ̀ obìnrin? Mo kà á, mo fọwọ́ bo ẹnu. Charles, àbúrò, kọ orin tó lé ní 6,000. John, ẹ̀gbọ́n, ń tú orin láti èdè Jámánì, ó ń ṣe ìwé orin, ó sì ń gẹṣin kiri gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi pé ilé ń lé e. Nígbà tó yá, ilé lé e lóòótọ́. Ẹ má sì pè é ní àhesọ o. John fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Savannah ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ní Georgia, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìwàásù ni John bá lọ. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọmọge kan, Sophy Hopkey, mọ̀lẹ́bí Causton tó jẹ́ adájọ́ àgbà ìlú náà. Ó ń kọ́ ọmọ náà ní èdè Faransé, ó ń bá a gbàdúrà, ojú ń pàdé ojú. Ọmọ ọlọ́mọ dúró títí kó gbọ́ "mo fẹ́ ọ", kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1737, kí ni àlùfáà ṣe? Ó ṣẹ́ kèké! Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí bébà mẹ́ta: kó fẹ́ ẹ, kó má rò ó lọ́dún yìí, kó má rò ó mọ́ láé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Delamotte, nawọ́ mú ọ̀kan, "má rò ó mọ́" ló jáde. Háà! Àwa tí wọ́n ń na pàṣán ọ̀rọ̀ sí lórí pẹpẹ pé a ò gbọdọ̀ yà sọ́dọ̀ babaláwo! Babaláwo ì bá tilẹ̀ béèrè ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà. Ẹ lè sọ fún mi pé àwọn àpọ́sítélì ṣẹ́ kèké lórí Mátíásì. Mo gbọ́, àmọ́ Mátíásì kì í ṣe ìyàwó.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Sophy ti fẹ́ Williamson. Ó yẹ kí àlùfáà gba kámú. Kò gbà. Nínú oṣù kẹjọ, ó fi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa du ọmọ náà lójú gbogbo ìjọ. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó ní kó san £1,000. Àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹ̀sùn ka mẹ́wàá sí i lọ́rùn, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé ó ń mú orin tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí wọnú ìsìn. Nígbà tó di oṣù kejìlá, àlùfáà parí àdúrà ìrọ̀lẹ́, ó bá òkùnkùn lọ. Ó sá o! Ẹ má sì sọ fún mi pé ọmọdé ló ń ṣe é, ẹni ọdún 34 ni.

Ṣùgbọ́n ti Savannah kéré. Ti ọdún 1749 ló mú mi la ẹnu sílẹ̀.

Opó atukọ̀ kan wà ní Newcastle, Grace Murray lorúkọ rẹ̀, òun ló ń bójú tó ilé tí John dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1748, àìsàn dá John wó, Grace tọ́jú rẹ̀ títí ara fi yá. Bí ara ṣe ń yá ni ìfẹ́ ń wọlé. Ó wá sọ fún obìnrin náà pé bí òun bá máa gbéyàwó láyé, ó jọ pé Grace ni yóò jẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ bí ọkùnrin ṣe ń dẹnu ìfẹ́? Ọkùnrin tí orin kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá ṣáká! Oníwàásù kan tún wà, John Bennet, tí Grace ti tọ́jú nínú àìsàn bákan náà. Òun náà ń fẹ́ ẹ. Grace wí bẹ́ẹ̀ ni fún ti ìhín, ó wí bẹ́ẹ̀ ni fún ti ọ̀hún. N kò ní gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, ó bá Wesley rin ìrìn àjò dé Ireland, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ ìgbéyàwó fún ara wọn ní Dublin, wọ́n tún tún un ṣe lójú ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n padà dé. Ó ku ká dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ dá mi dúró níbẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Charles. Nínú oṣù kẹrin ọdún 1749 yẹn kan náà, Charles fẹ́ Sally Gwynne, ọmọ olówó ní Wales. Ìyá ìyàwó ní ohun tí wọn óò máa jẹ ńkọ́, àfi kí ó dájú pé £100 yóò máa wọlé lọ́dọọdún. Ta ló ṣe onígbọ̀wọ́? John ni, láti inú owó ìwé tí wọ́n ń tẹ̀. Ta ló so wọ́n pọ̀? John náà ni. Ẹ fi sọ́kàn o, oṣù mẹ́fà péré ló kù.

Charles wà ní Bristol nígbà tó gbọ́ ti Grace. Ìyàwó wo? Ẹni tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí! Ó fò sórí ẹṣin, ó di Whitehaven, níbi tí òun àti John ti ta ohùn sí ara wọn. John kò yí padà. Charles bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Hindley Hill tí Grace wà, ó sọ fún un pé ó ti ba òun lọ́kàn jẹ́, ó sì ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Àgbàlagbà, ẹni tó ti kọ orin Kérésìmesì tí gbogbo ayé ń kọ! Nígbà tó dìde, ó gbé obìnrin náà sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí ẹṣin bí àpò èlùbọ́, ó di Newcastle. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, Bennet fẹ́ ẹ.

Nílé tiwa, ẹbí máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, mo gbà. Wọn á ṣèwádìí, wọn á ní ilé yẹn kò wù wá. Ṣùgbọ́n kí àbúrò gbé àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ẹṣin lọ fún ọkùnrin mìíràn? Tùẹ̀! Òun náà ló tún wọlé tọ John ní Leeds, tó ní kèfèrí lòun yóò máa kà á sí láti òní lọ. George Whitefield, oníwàásù ọ̀rẹ́ wọn, ló bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé kí wọ́n tó dì mọ́ra.

Nítorí náà, nígbà tí John yọ̀ ṣubú lórí yìnyín ní afárá London ní oṣù kejì 1751, tó fẹsẹ̀ ṣèṣe, tí wọ́n gbé e lọ sílé opó oníṣòwò kan, Molly Vazeille, kò jẹ́ kí Charles tún rí ẹṣin gùn. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi gbé Molly níyàwó. Ẹsẹ̀ kò tíì san, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń wàásù.

Gbogbo ayé ló ń bú Molly láti ìgbà yẹn, pé òjòwú ni, pé ó ń tú àpò ọkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Hampson, oníwàásù, ní òun wọlé bá a níbi tó ti ń fi irun wọ́ àlùfáà nílẹ̀. Èmi ò ní kó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n oṣù kejì ìgbéyàwó kò tíì pé tí ọkọ ti ń kọ sínú ìwé pé kò yẹ kí oníwàásù tó láya dín ìrìn àjò rẹ̀ kù ní ọjọ́ kan. Kí ló wá fẹ́ obìnrin fún? Lẹ́tà tí Molly sì bá nínú àpò rẹ̀ ní 1758, Sarah Ryan ló kọ ọ́ sí, olùtọ́jú ilé ní Kingswood, ẹni tó ti fẹ́ ọkọ mẹ́ta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàyè! Àwọn ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ọ̀hún gbóná ju ti ìbánikẹ́dùn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ nílé, ẹ dáhùn.

Molly kó ẹrù rẹ̀ ní 1771. John ní òun kò lé e, òun kò sì ní pè é padà. Nígbà tí obìnrin náà kú ní oṣù kẹwàá 1781, wọ́n ti sin ín kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Nínú gbogbo ohun ìní rẹ̀, òrùka kan ló fi sílẹ̀ fún un.

Charles ńkọ́? Òun àti Sally gbé nínú ìfẹ́ fún bí ọdún 39 tí ó fi kú ní 1788, ilé tòrò minimini, lórí owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró fún. Ọdún yẹn náà ni John tún rí Grace lẹ́ẹ̀kan, John ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Bí mo bá dé ọ̀run, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé orin Charles kọ, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí Grace Murray sọ tẹnu rẹ̀.