Sítà Àdúgbò Wa

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Ìbàdàn lẹ ń gbé ni o, Òṣogbo ni o, Ìkòròdú ni o, ẹ ṣáà yọjú síta ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó wọ awò dúdú, tó ń run pákò lẹ́nu ọ̀nà, tó ń tutọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kámẹ́rà ń ká lọ́wọ́, òun nìyẹn.

Tiwa, Sítà là ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí níbòmíràn mọ́ àfi lára káàdì ìdìbò. Lórí Instagram, Official ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbàgbé èyí tó tẹ̀lé e, torí ó ti pààrọ̀ rẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n Official kò yẹ̀. Mo bi í pé kí ni Official wá fún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí àwọn gbájúẹ̀ má baà máa fi orúkọ mi gbowó lọ́wọ́ àwọn fáànsì mi ni." Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ro irú gbájúẹ̀ tó máa rí orúkọ Funke Akindele nílẹ̀, tí yóò fò ó kọjá, tí yóò wá jí ti Sítà, ẹni tí àwọn tó ń tẹ̀lé e kò ju 312 lọ, tí èmi àti ìyàwó mi sì wà nínú wọn.

Nítorí pé mo máa ń kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Sítà gbà pé èmi àti gbogbo onítíátà ilẹ̀ yìí jọ ń jẹun nínú àwo kan náà ni. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Yóò dọ̀bálẹ̀ dáadáa (ọmọ tí a kọ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn), yóò jókòó, ìbéèrè yóò sì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ wo lẹ rò pé ó máa dùn ún kà lára pósítà?" "Ṣé kí n dá irùngbọ̀n sí ni, àbí kí n fá a?" "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá dúdú jù kì í hàn nínú kámẹ́rà?" "Bí ìyàwó pùrọ́díúsà bá wá ní òun fẹ́ràn mi ńkọ́?" Ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó tún máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá wo ló ń gba ọmọ iṣẹ́ báyìí? Èló ni fóòmù?" Ó di ọdún kejì tí mo ti ń retí kí Sítà bi mí bí èèyàn ṣe ń ṣeré. Mo ṣì ń retí.

Ìbéèrè fóòmù yẹn nìkan ni mo rí fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Tíátà Yorùbá kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ẹ̀rí wọlé. Láti ayé alárìnjó, abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ àgbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣì ń kọ́ ọ dòní. Ẹ óò wọ ẹgbẹ́ ọ̀gá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní caucus. Ẹ óò gba fóòmù, ẹ óò máa lọ sí ìpàdé àti rìháásà, ẹ óò gbálẹ̀, ẹ óò ra omi, ẹ óò sì kúnlẹ̀ kí ẹni tó débẹ̀ ṣáájú yín, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín lọ́jọ́ orí, títí ọ̀gá yóò fi ṣe fírídọ̀mù fún yín. Ẹ óò wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn onítíátà. Yunifásítì wà o. Ìbàdàn ti ń kọ́ èèyàn ní eré orí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ifẹ̀ náà ń kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ lè gboyè jáde níbẹ̀ kí ẹ tún bá ara yín ní lokéṣọ̀n, kí ẹ máa ra omi fún ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà girama rí.

Sítà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ọ̀nà àbùjá?"

Ó padà rí ọ̀nà àbùjá náà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló lẹ ìwé mọ́ òpó iná nítòsí ilé epo, pé àwọn ń wá ojú tuntun. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ti ṣe é, lọ́jọ́ Sátidé. Sítà ní àwọn tó ọgọ́ta, gbogbo wọn ló sanwó fóòmù kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n rìn bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, kí wọ́n sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n ní gbogbo wọn ló yege. N kò tíì gbọ́ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí, tí ọgọ́ta èèyàn ṣe, tí ọgọ́ta yege, tó wá jẹ́ pé ẹni tó ṣètò ìdánwò nìkan ló sá lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí Sítà mú bọ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ẹkún òun kò dénú. Ìdájí ọjọ́ kejì la gbọ́ igbe. Ìyá Ìbejì ilé kejì ti so gèlè mọ́dìí, Ààfáà àdúgbò ti ń bi wá pé ta ló kú, kí a tó rí i pé Sítà ni, níwájú fóònù tó gbé sórí odó, tó fi Rọ́ọ̀bù ra ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Ó ní àwọn òṣèré ńlá náà máa ń rà á. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n bínńtín ni wọ́n ń rà. Sítà rà á bí ẹni tó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ tó là. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi ríran dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí awò dúdú wúlò lójú rẹ̀.

Ẹ má wò ó pé kò mọ eré, ó mọ ìtàn àwọn eléré. Ìtàn wọn ló fi ń bá ìyá rẹ̀ jà nígbà tó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ táìsì tó ń kọ́. "Màmá, ọlọ́pàá ni Ògúndé, ó fi í sílẹ̀!" Òótọ́ ni. Ìyókù tí kò sọ ni pé ọlọ́pàá ṣì ni Ògúndé nígbà tó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1944. Ìgbà tó rí i pé èrò ń wọ́ tẹ̀lé eré ló tó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. "Báǹkì ni Kúnlé Afọláyan ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀!" Òótọ́ tún ni. Àmọ́ Kúnlé ti bá Túndé Kèlání ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999 kó tó kẹ́yìn sí báǹkì, bàbá rẹ̀ sì ni Adé Love, òṣèré àgbà inú Àjàní Ògún ọdún 1976. Bàbá Sítà, mẹkáníìkì ni. "Funke Akindele ti pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ lórí fíìmù kan!" A Tribe Called Judah nìyẹn, ọdún 2023. Funke ti ń hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láti òpin àwọn ọdún 1990, 2008 ni Jénífà tó dé, bílíọ̀nù sì tún tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn. Ìdajì ìtàn ni Sítà máa ń rù délé, ìdajì tó fúyẹ́.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Sàlá ńkọ́?" Ẹni tó fi gbogbo ohun tó ní ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, tí àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà káàkiri, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Sítà wò mí pẹ̀lú àánú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ̀rọ̀ bí àwọn ọ̀tá mi."

Ìyá rẹ̀, tó ń ta ọ̀gì ní ìkóríta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ṣé wọ́n ti san án?" Iṣẹ́ alágbe ni màmá ń pe tíátà. Bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, tí iná bá wà, ìdí fíìmù Yorùbá lẹ óò bá a, tí yóò máa fi ìborùn nu ojú nítorí ọmọ òrukàn tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń fi ebi pa. Bí àwa Yorùbá ṣe rí náà nìyẹn. A fẹ́ràn òṣèré dénú, kó ṣáà ti jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ìpè dé lọ́dún tó kọjá. Sítà sáré wọlé mi lálẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pè mí o! Ṣùgbọ́n..." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn "ṣùgbọ́n". Lọ́pọ̀ ibi, òṣèré ló ń gbé aṣọ tó máa fi ṣeré wá láti ilé ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ohun tí fíìmù nílò, ipa rẹ̀ a máa yára jáde: ẹni tó ní ọkọ̀ tó dára ti di onímọ́tò inú eré, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé alájà méjì ti di ọmọ olówó, yálà ó lè ṣeré tàbí kò lè ṣe é. PM, ẹni tó ń kó èèyàn àti ẹrù jọ fún fíìmù náà, ti bi Sítà pé kí ló ní. Sítà kò ní nǹkan kan. Ó ní èmi. Èmi sì ní agbádá ẹtù kan, òfì Ìsẹ́yìn, tí mo fi gbéyàwó.

Mo fún un. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Ọjọ́bọ̀ ló lọ, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dé, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní àwọn mọ́kànlá ló sùn sí yàrá kan. Ó ní láti aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn ti múra, àmọ́ ọ̀gá tó máa ṣe ọba ṣì wà ní lokéṣọ̀n ẹlòmíràn, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mọ́sáláṣí pe ìrun. Ìgbà tí wọ́n kírun tán, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tan. Ìrẹsì ló jẹ lọ́sàn-án, ìrẹsì ló jẹ lálẹ́. Owó ọkọ̀ ni wọ́n fún un, kò sì tó owó ọkọ̀.

"Agbádá mi dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, kọntinúítì ni o." Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ábídí: aṣọ tí ọba bá wọ̀ jókòó, òun náà ló gbọ́dọ̀ wọ̀ dìde, ìran tó kẹ́yìn kò sì tíì parí, nítorí náà aṣọ kò lè kúrò ní lokéṣọ̀n. Mo ti kàwé díẹ̀ láyé mi, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó fi ẹ̀tọ́ jí aṣọ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí fíìmù náà bọ́ sórí YouTube, gbogbo agbo ilé la péjọ. Sítà ra dátà, ó so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n Ìyá Ìbejì. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan tí a ti jókòó kí ọba tó yọ láàfin. Ọba wọ agbádá mi. Sítà fò dìde: "Èmi nìyẹn! Èmi nìyẹn!" A ń wá a. Ó fi ìka kan tẹlifíṣọ̀n. Ní igun òsì, lẹ́yìn ìtẹ́, abẹ̀bẹ̀ kan ń lọ ó ń bọ̀, ìgúnpá kan sì wà ní ìdí abẹ̀bẹ̀ náà. Ìgúnpá Sítà nìyẹn. Títí fíìmù fi parí, ìgúnpá yẹn nìkan la rí. Agbádá mi ní tirẹ̀ jókòó, ó dìde, ó bú olorì, ó rẹ́rìn-ín, ó mu májèlé, ó ṣubú, ó sì pọ ẹ̀jẹ̀ tí mo mọ̀ ní sóbò láti orí àga mi. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ wákàpáàsì, agbádá mi kọ́ ló wá ṣe é.

Àwọn ọmọdé ti ń pariwo "Ìgúnpá! Ìgúnpá!" Ìyá rẹ̀ ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi ni lóòótọ́. Àpá ìgbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò ló wà níbẹ̀ yẹn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé wọ́n ti san án?"

Mo padà wo ibẹ̀ lóru, èmi nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìgúnpá yẹn kò yára jù, kò sì fà. Nígbà tí ọba gbé ohùn sókè, abẹ̀bẹ̀ rọra dúró, bí ẹni tó ti sin ọba náà fún ogún ọdún, tó mọ̀ pé àsìkò ìbínú kọ́ ni à ń fẹ́ atẹ́gùn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà láàfin lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọ̀gá tí wọ́n dúró dè láti àárọ̀, ìgúnpá yẹn nìkan ni mo rí tó ń ṣeré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Sítà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ni wọn ò rí."

Ní báyìí, ó ti pinnu pé òun yóò ṣe fíìmù tara òun. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe nìyẹn: ẹ óò wá owó, ẹ óò san ti ìlúmọ̀ọ́ká kan fún ọjọ́ méjì, ẹ óò ya ojú rẹ̀ gàdàgbà sára pósítà, ẹ óò fi tiyín sí ẹ̀gbẹ́, kí aráyé lè béèrè pé ta nìyẹn. Sítà ti ní pósítà. Kò tíì ní ìtàn. Ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní executive producer, ìyẹn ẹni tó máa sanwó, kò sì tíì sọ fún mi. Ara pósítà ni mo ti kà á.

Agbádá mi kò tíì dé. Mo ti rí i nínú fíìmù méjì mìíràn láti ìgbà náà. Nínú ọ̀kan, ó wà lára òṣèlú kan tó ń na ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù Yorùbá lálẹ́, bí ẹ bá rí agbádá ẹtù tí àbàwọ́n sóbò wà láyà rẹ̀ lápá òsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá fíìmù dúró, ẹ ka orúkọ PM tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.