Ihò Tí Mo Dí

Nígbà tí mo ra ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́bàá òkè n'Ìbàdàn, ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé mo lè dúró sẹ́yìnkùlé kí n máa wo òrùlé gbogbo àdúgbò. N kò rò ó pé bí mo ṣe ń wo àwọn ará ìsàlẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ mi náà ń wò wọ́n.

Kò pé ọdún méjì tí àgbàrá fi gbẹ́ ibẹ̀ débi pé abọ́ ìfọṣọ tí ìyàwó mi bá gbé kalẹ̀ á máa yọ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá tó ń gbé nísàlẹ̀. Ó di dandan kí n mọ ògiri tí yóò dá ilẹ̀ dúró.

Bàbá bíríkìlà tí mo pè ti ń mọlé ṣáájú omíyalé Ògùnpa ti 1980. Wọ́n ní a lè to òkúta sínú àpò wáyà, irú èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, omi á máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àyè, àyè kò sì sí. Kọnkéré onírin ńkọ́? Iye tí wọ́n dá lé e mú kí n béèrè omi mu. Èmi dábàá búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6. Bàbá ní ti fẹ́ǹsì nìyẹn, fẹ́ǹsì kì í gbé ẹrù. A fẹnu kò sí ínǹṣì 9, kí a rọ kọnkéré sínú ihò rẹ̀, kí òpó onírin sì há a láàárín.

Wọ́n mọ ọ́n tán, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ki páìpù méjìlá sí ìdí rẹ̀. Inú bí mi. Ògiri tí mo fi owó ìwé àwọn ìbejì mọ, wọ́n sọ ọ́ di fèrè! Ọ̀nà ejò pọ́ńbélé. Lálẹ́ ọjọ́ tí Bàbá gbowó lọ, mo fi sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù dí gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ rẹ́ ẹ títí ó fi dán, mo sì pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé Bàbá ló ní kí ẹ dí i?"

Mo ní kó lọ sùn.

Nínú oṣù kẹfà, òjò rọ̀ mọ́jú. Dúrọ́ọ̀mù omi kan wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Ẹ wá ro iye dúrọ́ọ̀mù tó fẹ̀yìn ti ògiri mi lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti yọ ikùn bí aboyún oṣù mẹ́jọ. Mo fi pákó méjì tì í. Mo fi ẹ̀yìn ara mi náà tì í (ẹ má rẹ́rìn-ín) títí mo fi rántí pé mo ní ọmọ láti tọ́. Nírọ̀lẹ́, ògiri sọ̀kalẹ̀ lọ kí Màmá. Ó kí ọgbà ata wọn, ó kí ilé adìyẹ wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn adìyẹ ti sá wọ ilé ìdáná.

Mo lọ bẹ̀bẹ̀. Ì bá wù mí kí n sọ pé mo dọ̀bálẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló wọ́ mi láti ààlà títí dé ẹsẹ̀ wọn.

Màmá wò mí. "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ti dé?"

Bàbá bíríkìlà padà wá, wọ́n he páìpù kan nínú àwókù, wọ́n fọwọ́ pa ẹnu rẹ̀. "Ta ló rẹ́ eléyìí? Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ o." Mo dákẹ́. "Ọ̀gá, iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ló wó ògiri yín. Omi tẹ́ ẹ há mọ́lé ló wá ọ̀nà jáde."

Páìpù mẹ́rìnlélógún ló wà lára ti ìsinsìnyí. N kò jiyàn. Màmá ti to bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ mẹ́fà nínú wọn, wọ́n ń fi omi rẹ̀ fọ ilé adìyẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí òjò dá, wọ́n ké sí mi láti ìsàlẹ̀:

"Bàbá Ìbejì! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ tún ti dí i?"