Ẹ̀yin Adúmáadán Onírin, Ẹ Sọ Bíléèdì Yẹn Kalẹ̀

Ẹ̀yin Adúmáadán ọkọ mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ ọ́. Gbangba náà lẹ ti ń fi bíléèdì fá oje máńgòrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé, níwájú ṣọ́ọ̀bù yín l'Ówódé Onírin, tí àwọn ọmọọṣẹ́ yín ń wò yín bí ẹni ń wo alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ fá orí ìkókó.

Ẹ̀yin náà lẹ yan igi. Nínú ọjà tí oòrùn ti ń yan ẹ́ńjìnnì àti àgékù irin bí ẹní yan iṣu, ẹ rí ibòji máńgòrò kan, ẹ ní abẹ́ rẹ̀ ni Corolla dúdú yín yóò máa sinmi. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí máńgòrò bá ti ń so, oje rẹ̀ kì í mọ ọkọ̀ olówó. Oje yìí ló ń bó ètè ọmọ tó bá fi eyín já ìdí máńgòrò tútù. Bó bá ta sára èso tí igi kan náà bí, ó ń jó èèpo rẹ̀ dúdú. Mọ̀lẹ́bí kajú ni máńgòrò, ẹ sì mọ ohun tí oje èèpo kóró kajú ń fi ọwọ́ ṣe. Ohun tó ń jó ọmọ tirẹ̀, ṣé ọkọ̀ yín ni yóò ṣàánú?

Síbẹ̀, bíléèdì yín burú ju oje lọ. Ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe irin, ọkọ mi. Lórí àwọ̀ dúdú tí ẹ fi ń yangàn, ọ̀dà kan tún wà tí kò láwọ̀, tó ń dán bíi díńgí, èyí tí àwọn apẹ́ńtà ń pè ní kílíà. Kò nípọn tó abala ìwé kan. Bíléèdì kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bùṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká sinmi pé fáástì bọ́dì ni!

Nígbà tí bíléèdì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé tínà wá. Orí ilẹ̀kùn òsì tí dánfó gbá, tí wọ́n tún kùn, tí ẹ kì í dárúkọ bí ẹ bá ń yangàn, ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tínà ni wọ́n fi po ọ̀dà ibẹ̀, tínà ló sì wá mú un lọ. Ó ku ẹ̀yin àti àkísà dúdú. Mo gbọ́ pé pẹtiróòlù ló kàn. Pẹtiróòlù! Níbi tí iná wẹ́dà ti ń ta lọ́tùn-ún lósì!

Ẹ gbọ́ tèmi, èmi aláta Mile 12. Rírẹ là ń rẹ pọ̀nmọ́ kó tó rọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lóòrùn, kí ara rẹ̀ tutù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ eruku kúrò ná, torí iyanrìn tó bá wà lábẹ́ àkísà, sáńpépà ni. Ẹ ri aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, ẹ fi lé oje náà bí a ṣe ń jó ẹsẹ̀ tó rọ́. Bó bá tutù, ẹ tún un rì. Lẹ́yìn náà ẹ fi òróró pa á, ẹ lọ jẹ ẹ̀bà, ẹ padà wá. Ìka tí a fi aṣọ rírọ̀ wé tó láti tì í kúrò. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi sípíríìtì díẹ̀ nù ún, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tójú ò tó, ẹ má sì jẹ́ kó dé ilẹ̀kùn òsì yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi wáàsì pa á. Bí àpá bá ṣì wà, iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán ọkọ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Mo ti fi ìgò òróró kan rán ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dín ẹyin.

Èmi ìyàwó ilé yín,
Aláta Mile 12