Bọ̀dá Ọdún-Yìí-Ni

Kò sí àdúgbò l'Ékòó tí kò ní Bọ̀dá Ọdún-Yìí-Ni tirẹ̀. Ẹ má wo ojú wọn, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tí pásítọ̀ kéde àkọlé ọdún tuntun tán, Bọ̀dá ra kíhódà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ sẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì: ilé kékeré aláwọ̀ wúrà, tòun ti ṣímínì lórí. (Ta ló ń dáná yá l'Ékòó?) Ilé yìí ni yóò máa rán wọn létí pé lọ́dún yìí, ó di dandan kí àwọn kọ́lé.

Kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọn, ti ilé tí wọ́n háyà ni.

Ẹ ṣèèṣì béèrè ọ̀rọ̀ kíhódà ọ̀hún lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ yín ti bàjẹ́. Wọn á ní ilẹ̀ Mọ̀wé ò wọ́n tó ti Ajah, pé ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró ni plọ́ọ̀tì kan, ìdajì rẹ̀ sì gba yàrá mẹ́ta bí ẹni tó yàwòrán ilé bá gbọ́n. Wọ́n mọ iye tí àpò sìmẹ́ǹtì 50 kílò dà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti ṣírò owó tí ọmọ onílẹ̀ máa gbà, ti ìpìlẹ̀ lọ́tọ̀, ti ògiri lọ́tọ̀, ti òrùlé lọ́tọ̀, inú ti ń bí wọn sí àwọn ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni kò tíì sí.

Lọ́dún tó kọjá, kólò onípákó ni. Ọdún Àjíǹde ò tíì dé tí ọ̀bẹ fi wọ̀ ọ́ nínú, nítorí aṣọ ẹbí. Kíhódà sàn jù. Kò ní ihò tí owó ń gbà wọlé.

Bí owó oṣù bá dé, ìyàwó wọn á rọra ní, "Dádì, ṣé kí á tọ́jú díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ yẹn?" Bọ̀dá á gbé kíhódà sókè, á mì í kí ó dún: "Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni?"

Lóòótọ́, wọn ò gbàgbé. Mi ò tíì rí ẹni tó ń rántí nǹkan tó wọn.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, àwọ̀ wúrà ti bó, ṣímínì ti kán. Wọ́n ti ń ná òmíràn báyìí, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti ń dàgbà, ilé ilẹ̀ ò lè gba àwọn mọ́.