Ará Títì Márosẹ̀

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù. Àlejò ni òwe yìí ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́: kó ká ìka tirẹ̀ kò, kí ara lè tu onílé. Wàyí o, àwọn kan ń kó ẹrù kúrò l'Ékòó lọ sí Mowe, Ibafo, Ọ̀fadà àti àwọn abà tó wà lẹ́yìn wọn, torí pé ilé ò gbówó lórí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn, iṣẹ́ wọn wà ní Marina, ìjọ wọn wà ní Yábàá, ẹni tó ń gẹrí fún wọn wà ní Òṣòdì. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé, wọ́n á ní Èkó. Ẹ má pè é ní irọ́ o, ẹ má sì pè é ní òótọ́. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, ìṣe ibẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe láìkù síbì kan: wọ́n mọ oorun ìjókòó, gálà ni oúnjẹ àárọ̀ wọn, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ ìjà tọkọtaya lórí fóònù ní Bẹ́gà kí wọ́n parí rẹ̀ kí mọ́tò tó kúrò lórí afárá Kárà.

Kò sẹ́ni tó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n sá. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní kí lánlọ́ọ̀dù má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Èjẹ́ǹtì á gbọ́ òfin náà tán, á ní kí ẹ mú owó ọdún méjì wá, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù. Ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn báyìí, tó wá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí Mowe wà, yóò dìde. Ìṣirò tó gbé e dìde ni mo ń bá ṣẹjọ́, torí orí owó ilé ló ti dúró. Lánlọ́ọ̀dù tó sá fún, ọdún á yípo kó tó kanlẹ̀kùn. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń kanlẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń kanlẹ̀kùn lálẹ́. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà lé ní 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ sì bá a lọ láì bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá mọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìjọ Rìdíìmù ń ṣe ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní ibùdó wọn nítòsí Mowe, ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lágogo márùn-ún lè bá wọn ṣe àṣemọ́jú lójú títì láìjẹ́ ọmọ ìjọ. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ì bá gbà wọ́n, àmọ́ Agbádó, Pápálantó àti Abẹ́òkúta ló gbà lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ ní Mowe ò wo ojú irin, páálí ìpolówó ló wò.

Ẹnì kan á ní ilé ẹni nilé ẹni, pé ó sàn kéèyàn pẹ́ lọ́nà kó sì sùn sábẹ́ òrùlé ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìyà ayálégbé kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ilé ọ̀hún rí baálé rẹ̀ gbẹ̀yìn? Agogo mẹ́rin ìdájí ló jáde, ọmọ ń sùn. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ló wọlé, ọmọ ti sùn. Atẹ́gùn tútù tó torí rẹ̀ kó wá, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń fẹ́ sí, àwọn tó gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún padà wá gbowó òrùlé, bí ẹni pé Ògùn ò ṣòfin ajagungbalẹ̀ lọ́dún 2016. Òmíràn á ní láti ìgbà kòrónà ni òun ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé. Ó káre, bí iná bá wà. Irú wọn kọ́ ló ń ti ara wọn wọ ọkọ̀ ní Ibafo nídàájí. Àwọn tó kó lọ lóòótọ́ ni télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dání, wẹ́dà tó so páálí orúkọ rẹ̀ mọ́gi ní oríta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ẹni tó kó bẹ́ẹ̀dì lọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, Èkó ló fà gùn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti oúnjẹ. Wọ́n ní oko làwọn ń lọ, oúnjẹ á pọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ìrẹsì l'Ọ́fadà ń di pulọ́ọ̀tì, ẹni tó rà á náà ló ń bèèrè ìrẹsì ọ̀fadà tó pọ́ọ́kú. Lọ́rí tòmátò láti Kánò á sáré kọjá níwájú Mowe lọ sí ọjà Mile 12 l'Ékòó. Aláta Mowe á wọkọ̀ tẹ̀ lé e, á rà á, á sanwó ọkọ̀ padà, oníbàárà á sì ní kí ló dé tí ọjà abúlé fi wọ́n ju ti Èkó lọ.

Owó orí ló wá tú àṣírí. Òfin Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, ibi yòówù kí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ará Mowe wa á kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbà sínú fọ́ọ̀mù, owó á gba ọ̀dọ̀ ìjọba Èkó lọ ní Aláùsá, òun á padà sílé lálẹ́ wá bú gómìnà Ògùn nítorí kòtò ojú ọ̀nà. Káàdì ìdìbò rẹ̀ náà, Ògbà ló wà. Lọ́jọ́ ìbò, ìjọba kì í jẹ́ kí mọ́tò rìn. Á jókòó sí Mowe láì dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀ á wo ìwé orúkọ àwọn olùdìbò wọ́ọ̀dù Mowe, á rí i pé àwọn àgbẹ̀ tó ta ilẹ̀ fún wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀, iwájú ilé àwọn àgbẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ da yanrìn sí.