Tápẹ́ẹ̀tì Aláriwo, Ọ́ìlì Tó Ki, àti Kẹ́ẹ̀gì Kan Níbi Ìdána

Nínú ẹ́ńjìnì Volkswagen Golf 3 oní-fáàfù mẹ́jọ, irú èyí tó kún ìgboro Ìbàdàn fọ́fọ́, ife irin kékeré kan ló dorí kodò sórí fáàfù kọ̀ọ̀kan. Tápẹ́ẹ̀tì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ife náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó gba ìtìsílẹ̀ lọ́wọ́ camshaft, ìyẹn ọ̀pá oníkókó tó ń yí lókè ẹ́ńjìnì, kó fi ti fáàfù kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè ṣí. Láyé àtijọ́, àlàfo tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà níbi tí irin méjèèjì ti pàdé, nítorí pé irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná, mẹkáníìkì ló sì ń wọn àlàfo náà lóòrèkóòrè tó ń tún un ṣe. Nígbà tí Cadillac gbé ọkọ̀ oní-sílíńdà 16 jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930, wọ́n fi ohun èlò kan sí i tó ń fi agbára ọ́ìlì dí àlàfo náà fúnra rẹ̀, ọgbọ́n yìí náà ló sì wà nínú tápẹ́ẹ̀tì Golf.

Písítìn kékeré kan wà nínú ife náà, sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn, tó ń gba ọ́ìlì láyè láti wọlé ṣùgbọ́n tí kì í gbà á láyè láti padà. Bí camshaft bá ti tẹ tápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn á pa dé, ọ́ìlì tó há sínú á sì le bí irin, nítorí pé ohun olómi kò ṣe é fún pọ̀. Bí ọkọ̀ bá sun oorun alẹ́, díẹ̀ nínú ọ́ìlì yìí lè ṣàn jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnì fi lè dún ta-ta-ta fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá láàárọ̀ kó tó dákẹ́, èyí tí kì í ṣe àìsàn. Bí kò bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ń pẹ́ kó tó dé, tàbí pé ìdọ̀tí ti mú písítìn tàbí bọ́ọ̀lù náà, tàbí pé tápẹ́ẹ̀tì ti gbó. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, afẹ́fẹ́ sì rèé, ó ṣe é fún pọ̀ dáadáa.

Òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí mọ gbogbo èyí, ó tilẹ̀ máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bi í, ṣùgbọ́n nígbà tí Golf tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ìdána àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ìmọ̀ náà gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Ó gbà pé ọ́ìlì tó bá ki ni yóò bo ariwo náà mọ́lẹ̀. Ó tún gbà pé W tó wà nínú 10W-40 tàbí 20W-50 dúró fún ìwúwo, bẹ́ẹ̀ winter ni, ìyẹn ìgbà òtútù lọ́hùn-ún: nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù, èyí tó tẹ̀lé e sì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Lábẹ́ òdiwọ̀n SAE J300, ọ́ìlì 40 gbọ́dọ̀ wà láàárín 12.5 àti 16.3 cSt nínú ooru yẹn, 50 sì bẹ̀rẹ̀ láti 16.3 lọ sí 21.9, cSt ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ohun olómi ṣe ń lọ́ra ṣàn. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọ tápẹ́ẹ̀tì kéré púpọ̀, nítorí náà ẹni tó bá da ọ́ìlì tó ki jù sí i ń fi kún ìjókòó-retí tí tápẹ́ẹ̀tì ń ṣe láàárọ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń wọn ọ́ìlì láti inú dúrọ́ọ̀mù ni òǹkọ̀wé lọ. Ọkùnrin náà gbé e sókè sí oòrùn, ó jẹ́ kó máa já bọ̀ díẹ̀díẹ̀, pupa rẹ̀ ń dán, òǹkọ̀wé sì ra kẹ́ẹ̀gì méjì tí kò ní ìwé kankan lára. Ẹ́ńjìnì náà kò gbà ju nǹkan bíi lítà mẹ́rin lọ. Àmì méjì wà lára gééjì ọ́ìlì, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ ẹ́ńjìnì láti mọ ibi tí ọ́ìlì dé, àárín méjèèjì sì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dúró sí. Òǹkọ̀wé dà á kọjá àmì òkè, ó ní kí tápẹ́ẹ̀tì mu àmuyó. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì èyí tó kù sínú búùtù, níbi tí iṣu, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti kẹ́ẹ̀gì oyin ti ń dúró dè é, nítorí pé òun ni ẹbí yàn láti gbé ẹrù ìdána.

Kí ọkọ̀ tó dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìdána ní Bódìjà, ariwo náà ti di ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀. Onígángan tó wà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́tí sí i, ó fi orí júwe fún ẹnì kejì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù dá ẹ́ńjìnì lóhùn, débi pé ìyá kan tó wọ aṣọ ẹbí ti ń jó kó tó mọ̀ pé mọ́tò ni òun ń jó sí. Èéfín aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú sàlẹ́ńsà, ó sì gba orí àwọn gèlè kọjá wọnú gbọ̀ngàn.

Ó tọ́ kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì di mímọ̀ kí ìtàn tó tẹ̀ síwájú. Bí ọ́ìlì bá ti ga jù, crankshaft, ìyẹn ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, lè máa lù ú títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ìhó náà ni pọ́ǹpù ń gbé lọ fún tápẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fún pọ̀, irin sì ń gbá irin. Ọ́ìlì tó ṣẹ́kù ń gba páìpù tí ẹ́ńjìnì fi ń mí bọ́ sí ibi tí epo bẹntiróòlù ti ń jó, ó sì ń di èéfín. Owó ọ́ìlì ọ̀hún ti ra ariwo, ó sì fi èéfín ṣe èènì.

Alága ìjókòó, tó ń ṣojú ẹbí ìyàwó, ní ọkọ̀ náà kò ní wọlé láìsan owó ariwo, òǹkọ̀wé sì san án. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé tú búùtù, wọ́n to ẹrù síwájú àwọn àgbà, ìyá alága sì gbé kẹ́ẹ̀gì oyin sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre pé bí oyin ṣe ń dùn ni ìgbé ayé àwọn méjèèjì yóò máa dùn, gbogbo ilé ń ṣe àmín kíkankíkan. Ó dà á sínú àwo pẹlẹbẹ. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ìka ọ̀hún ti ń lọ sí ẹnu ìyàwó kí imú ìyá alága tó jí, ó dúró, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá yí padà sí ẹbí ọkọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹbí ọkọ la ránṣẹ́ pè, ta ló wá fi ìwé pe ẹbí ọkọ̀?” Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, onígángan tún lu ta-ta-ta, àwọn àgbà méjì láti ẹ̀gbẹ́ bàbá sì wo òǹkọ̀wé bí ẹni pé àwọn ò bá a tan. Wọ́n tún bu owó ìtanràn mìíràn lé e.

Ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni dúrọ́ọ̀mù yẹn. Àwọn kan wà tó ń sẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n ti tú kúrò nínú ẹ́ńjìnì àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n á da aró sí i kó lè pupa dán, tí wọ́n á sì tà á fún awakọ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń bọ́ ọmọ. Olè ni wọ́n. Àwọ̀ ọ́ìlì kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ohun tó yẹ kí olùrà wò ni nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ sọ, àti lẹ́tà tí àjọ API ti Amẹ́ríkà fi ń ya ọ́ìlì sọ́tọ̀, bíi SN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tàbí SP tó dé ní 2020, lára kẹ́ẹ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Lẹ́yìn ìdána, wọ́n tú ọ́ìlì Golf náà dànù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n sì da 10W-40 sí i dé àmì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀: kí ẹ́ńjìnì gbóná títí fáànù rádíétọ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa yí ní ìyípo 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, tápẹ́ẹ̀tì tó bá ṣì ń dún lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ ọ́. Méje dákẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ti gbó, ọ́ìlì kankan kò sì lè jí i dìde. Bí wọ́n bá ti fi tápẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣíná sí ẹ́ńjìnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, títí ọ́ìlì inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáàfù lè ṣí sílẹ̀ jù kí písítìn sì gbá a. Mẹkáníìkì ní ìwé lásán ni, kí wọ́n ṣíná sí i kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Òǹkọ̀wé fi kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó lé e.