Ọmọ Wa Ni

Kò sí àdúgbò tí irú ọkùnrin yìí kò sí, àmọ́ ti Ìdó l'Ékòó ni mo mọ̀ dáadáa. Ẹ ó bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, lẹ́bàá gáréèjì, lórí àga oníke tí wọ́n fi wáyà so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kì í ṣe òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé jẹnẹrétọ̀ wá, kò sì wá gbé e lọ. Ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn kì í dé Ìdó, Alágoméjì ló ń parí ìrìn rẹ̀ sí láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa yìí ṣì ń dúró de nǹkan kan. Ọmọ Yorùbá tó ṣe bẹbẹ nílẹ̀ òkèèrè ló ń dúró dè.

Kí Anthony Joshua ṣáà ti fi ẹ̀ṣẹ́ da ẹnìkan dùbúlẹ̀ ní London, ẹ ó gbọ́: "Ọmọ Ṣágámù! Ọmọ wa ni!" Kí rédíò ṣáà ti gbé orin Sade sáfẹ́fẹ́: "Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni bàbá ẹ̀ ti wá!" Nígbà tí John Boyega yọ idà oníná nínú Star Wars lọ́dún 2015, ńṣe ló ń gba "ẹ kú oríire" lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bí ẹni pé òun ló san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà. Tí Joshua bá wá lulẹ̀, òun kan náà ni yóò kọ́kọ́ rán wa létí pé Watford ni wọ́n bí i sí, iyán ò kan ẹnu ẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ-Wa-Ni la ń pè é. Ó mọ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó ń wo Alien, fíìmù tí Ridley Scott darí. Ẹ̀gbọ́n bèèrè ọdún tó jáde. Ọmọ náà ní 1979.

"1979! Ọdún tí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Ṣàgàrí? Kí ló fẹ́ wà nínú ẹ̀? Èmi tí mo wo Ayé Ògúndé tójú mi ò ṣẹ́, iwin Òyìnbó wo ló fẹ́ dẹ́rù bà mí?"

Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn lọ́wọ́. Irú wọn kì í wo fíìmù láìbá a sọ̀rọ̀. Àwọn méje wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n ní kí wọ́n yà wo ibi kan tí wọn kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n sì ti ń gbà wọ́n nímọ̀ràn: "Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé àdéhùn, ẹ má ṣe é." Nígbà tí Kane, ọ̀kan nínú wọn, tẹ̀ síwájú tó ń yọjú wo ẹyin tó ń ṣí fúnra rẹ̀: "Ṣé kò níyàá tó kọ́ ọ nílé ni?" Nǹkan tó wà nínú ẹyin fò mọ́ Kane lójú. Ẹ̀gbọ́n bu búrẹ́dì jẹ, ó ní ohun tó ń wá ló rí.

Ẹni tó bá ti wo fíìmù náà mọ ibi tí mò ń lọ. Wọ́n jókòó ti oúnjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Kane bẹ̀rẹ̀ sí í jà pìtìpìtì lórí tábìlì, nǹkan kan sì já àyà rẹ̀ jáde. Àwọn òṣèré náà fúnra wọn, wọn kò sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ yóò tú tó bẹ́ẹ̀. Ìpayà tó wà lójú wọn kì í ṣe eré lásán. Ti ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe eré. Ó ké pe Jésù, ó ké pe Ọlọ́hun àwọn Mùsùlùmí, nígbà tí kò rí ìdáhùn kíá, ó ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀wà dà sórí ṣòkòtò. Ó ní ata ló ta òun lójú.

Ó ti ń dìde láti lọ nígbà tí ọmọ iṣẹ́, tó ń tẹ fóònù rẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́rẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú aṣọ iwin yìí o. Bọ́lájí Badéjọ."

Ẹ̀gbọ́n jókòó.

Òótọ́ sì ni. Èkó ni wọ́n bí Badéjọ sí lọ́dún 1953, bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba. London ló wà, tó ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán, nígbà tí ẹnìkan rí i nílé ọtí, tó sì mú un lọ fún Scott. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́wàá, ó tín-ín-rín, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé òǹwòran kò ní rò pé èèyàn ló wà nínú nǹkan náà. Wọ́n kọ́ ọ ní ìrìn jẹ́jẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní tai chi. Giger, ará Switzerland, ló ya àwòrán iwin náà, ìrù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jókòó sórí àga. Jangirọ́fà ni wọ́n so fún un tó fi ń sinmi.

Láti ìṣẹ́jú yẹn, fíìmù di bọ́ọ̀lù.

"Kane yẹn, ọmọ wa ló pa á?"

"Ọmọlangidi ni wọ́n lò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, nígbà tó ṣì kéré."

"Gbogbo wa la kéré rí. Kà á mọ́ ọn. Oókan-òdo!"

Brett jáde lọ wá ológbò. "Ẹni tí ikú ń wá ló ń wá ológbò. Eéjì!" Dallas wọ inú ihò afẹ́fẹ́ pẹ̀lú iná lọ́wọ́. "Ẹẹ́ta! Ẹ ò rí i bó ṣe na apá? Ọmọlúàbí ni, ó fẹ́ gbá a mọ́ra." Wọ́n fọ́ Ash lórí, ó jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn kò sí nínú àkọọ́lẹ̀.

Ibi tí wàhálà ti dé ni Parker. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́yìn Parker, ọkùnrin dúdú kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀, nítorí Parker ń jà fún owó àjẹmọ́nú. Àfi bí ọmọ wa ṣe gbá Parker mú. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó wò mí, ó wo ọmọ iṣẹ́.

"Ta lẹni yẹn gan-an?"

"Yaphet Kotto. Ará Amẹ́ríkà ni, àmọ́ wọ́n ní Kamẹrúùnù ni bàbá ẹ̀ ti wá."

"Kamẹrúùnù?" Ojú rẹ̀ là. "Àwọn tó gba Bakassi? Àwọn tó gba ife lọ́wọ́ wa ní Sùúrùlérè níbí lọ́dún 2000, tí bọ́ọ̀lù Ikpeba wọlé tí wọ́n ní kò wọlé? Ẹẹ́rin! Ó tó bẹ́ẹ̀!"

Nígbà tí Ripley, obìnrin tó ṣẹ́kù nínú wọn, wá ṣílẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ fa iwin náà jáde sínú òkùnkùn, ariwo "Òjóóró!" tí ẹ̀gbọ́n pa mú kí kọ́ndọ́ dánfó kan yà wá wò wá. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ dá orúkọ dúró lópin fíìmù, ó nàka sí i, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè ibi tí Badéjọ wà. Ó ń retí Hollywood.

"Ó ti kú, ẹ̀gbọ́n. Ní 1992. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni ọdún 39 ni. Èbúté Mẹ́tta níbí ló kú sí."

Láti Ìdó, Èbúté Mẹ́tta kò gba ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń gbé níbẹ̀ lọ́dún náà, ó ti sọ fún wa lẹ́ẹ̀mejì kí ìrọ̀lẹ́ yẹn tó dé. Kò bèèrè bí ẹni tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ru aṣọ rọ́bà lábẹ́ iná káméra. Ó ń rántí.

"Ọkùnrin gíga kan wà tó máa ń ra búrẹ́dì..."

Ọmọ iṣẹ́ ń bá kíkà rẹ̀ lọ. Badéjọ padà sílé ní 1980, ó sì ṣí ilé àfihàn àwòrán tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dé bẹ̀ rí?"

"Àwòrán? Ta ló ń fowó ra àwòrán?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọkùnrin oníbúrẹ́dì ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti jọ mu ọtí, Badéjọ sì ti fi ìrìn iwin hàn án lójú pópó. Ọmọ iṣẹ́ ti wá fíìmù mìíràn, Predator, ti ọdún 1987. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló wà nínú ìyẹn?"

"Kevin Peter Hall. Ará Amẹ́ríkà, dúdú ni."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

"Ẹsẹ̀ bàtà méje lé díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Kevin. Lọ wádìí ẹ̀ dáadáa. Bóyá Káyọ̀dé ni wọ́n yí padà."